Fọ́ndù Ìyá Ọkọ Mi Tí Mo Rà Ní Ṣọ́ọ̀bù

Ẹ̀yin òǹkàwé, kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Irọ́ tí mo pa kò ju ìkòkò kan lọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó ba ojú mi jẹ́ pátápátá láàárín àwọn àna mi. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ẹ̀rín ń pa mí, ojú sì ń tì mí. Mo ti yí orúkọ gbogbo wa padà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wà bó ṣe wà.

Ẹ máa pè mí ní Ludivine. Èmi àti Gaspard ọkọ mi ń gbé ní abúlé kan lẹ́bàá Bulle, ní ilẹ̀ Switzerland, níbi tí màlúù ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Baba ọkọ mi, Bàbá Aurèle, ló ṣe wàràkàṣì fún abúlé náà fún ọdún mọ́kànlélógójì. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Léontine, ló sì mọ fọ́ndù sè jù lágbègbè wa. Bí ìyá yẹn bá yọ́ wàràkàṣì sínú wáìnì, tó gbé ìkòkò sáàárín tábìlì, tí kálukú fi fọ́ọ̀kì gígùn gún búrẹ́dì tó rì í bọ inú rẹ̀, àwọn tó ń bára wọn jà á gbàgbé ohun tí wọ́n ń jà lé lórí.

Àṣírí rẹ̀ wà nínú àpòpọ̀: irú wàràkàṣì wo, láti orí òkè wo, oṣù mélòó ló ti lò lórí pẹpẹ, báwo ni ti èyí ṣe máa pọ̀ ju ti ìyẹn lọ. Kò kọ ọ́ sílẹ̀ rí. Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún.

Lọ́jọ́ tó sọ ọ́, nídìí iná rẹ̀, fóònù mi wà lọ́wọ́ mi. Fídíò ajá kan ni mò ń wò, ajá tó fẹ́ fi pákó yọ̀ lórí yìnyín. Ìyá ń ka orúkọ wàràkàṣì, ajá ń ṣubú, èmi ń pa ẹ̀rín mọ́ra.

"Ìyàwó mi, ṣé ó ti wọlé?" Ìyá bi mí.

"Ó ti wọlé ṣinṣin, Ìyá."

Oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà, Ìyá Léontine dágbére fáyé. Níbi ìsìnkú, Àǹtí Séverine, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, di ọwọ́ mi mú lójú gbogbo ẹbí. "Ó kéré tán, fọ́ndù Màmá ò bá wọn lọ," ó ní. "Ó wà lọ́wọ́ rẹ, àbí?"

Mo wo ojú rẹ̀ tó ti wú fún ẹkún. Mo ní ó wà lọ́wọ́ mi.

Fún ọdún méjì, irọ́ náà sùn jẹ́ẹ́ níbi tí mo tẹ́ ẹ sí. Bàbá Aurèle kò fẹnu kan fọ́ndù mọ́ níbikíbi. Bí wọ́n bá pè é, á ní, "Mo ti jẹ èyí tó dára jù. Kí ni mo tún ń wá kiri?" Àwọn èèyàn á káàánú rẹ̀. Èmi á dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún tó kọjá, yìnyín ga dé orúnkún. Èmi àti Gaspard ní ká pe èèyàn díẹ̀ wá jẹun lọ́jọ́ Sátidé. A ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni múra: kí kálukú wọ ìbọ̀sẹ̀ onírun, kó wá jókòó sídìí iná, ká jọ mu ọbẹ̀ gbígbóná, ká sì jọ ṣe yẹ̀yẹ́ ara wa. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ máa ń dùn mọ́ mi débi pé mo máa ń kọrin nígbà tí mo bá ń gé àlùbọ́sà.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, Bàbá Aurèle kan ilẹ̀kùn. Fìlà rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, bí ẹni tó wá tọrọ ọmọ.

"Mo gbọ́ pé ẹ̀ ń pe èèyàn ní Sátidé."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Ẹ̀yin náà á wá, àbí? Ọbẹ̀ lásán ni o."

"Má se ọbẹ̀." Ó ń yí fìlà rẹ̀ po lọ́wọ́. "Se fọ́ndù Léontine fún mi. Ó ti ń wù mí láti ìgbà tí yìnyín ti bẹ̀rẹ̀. Mo fẹ́ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó lọ bá a."

Kí lẹ rò pé mo sọ? Mo ní, "Kò sí wàhálà, Bàbá." Kò sí wàhálà! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀.

Lọ́jọ́ Fúráìdeè, mo lọ ra wàràkàṣì ní abúlé kejì, kí Firmin má bàa rí mi. Firmin ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàbá ní ilé wàràkàṣì abúlé wa, òun náà sì wà lára àwọn tí a pè. Mo da èyí pọ̀ mọ́ ìyẹn, mo bu wáìnì sí i, mo ń rò ó, mo ń gbàdúrà. Wàràkàṣì dì sísàlẹ̀ bíi rọ́bà, wáìnì ń léfòó lórí. Mo tún un ṣe. Èkejì tún burú ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Gaspard yọ orí wọlé. "Ìyàwó mi, kí ló ń rùn báyìí?"

"Ìkòkò ni mò ń fọ̀."

"Kí lo fi ń fọ̀ ọ́?"

"Gaspard, jáde kúrò ní ilé ìdáná mi!"

Láàárọ̀ Sátidé, mo lọ ra búrẹ́dì ní ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Bulle. Mi ò wá nǹkan kan, ẹ gbà mí gbọ́. Ṣùgbọ́n níbi ẹ̀rọ amóhun-tutù, ọ̀rá méjì jókòó síwájú àwọn yòókù, wọ́n ń dán. Fọ́ndù. Ó ti ṣetán.

Mo kọjá. Mo padà. Mo tún kọjá, mo ṣe bíi pé bọ́tà ni mò ń wò. Inú mi ń sọ pé, "Ludivine, o ò gbọdọ̀ ṣe é." Ọwọ́ mi ní tirẹ̀ ti mú un.

Mo fi búrẹ́dì bò ó mọ́lẹ̀, mo kó o dé ibi ìsanwó. Ọmọbìnrin tó jókòó síbẹ̀ gbé ọ̀rá náà sókè kí gbogbo ayé lè rí i. "Èyí dára o, Madame. Àwọn àlejò tó ń wá láti ìlú òkèèrè fẹ́ràn rẹ̀ gan-an!"

Àlejò láti ìlú òkèèrè! Èmi, ìyàwó ilé Bàbá Aurèle! Mo san owó mi, mo sì sá jáde.

Nígbà tí mo délé, mo fi áyù ra inú ìkòkò Ìyá Léontine fúnra rẹ̀, mo da ọ̀rá méjèèjì sínú rẹ̀, mo kán ọtí kirsch sí i kó lè ta sánsán. Ó yọ́. Ó ń dán. Kò dì, kò pín sí méjì. Mo jó yí tábìlì po lẹ́ẹ̀mejì.

Ọ̀rọ̀ wá ku ọ̀rá. Mi ò lè jù ú sínú àpò ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ ibi ìfọ-abọ́, torí pé Àǹtí Séverine kì í wọ ilé èèyàn kó má yẹ ìdọ̀tí rẹ̀ wò. Bó bá rí bébà láàárín àwọn ọ̀rá, tí òfin ìlú wa ní ká yà sọ́tọ̀, ìwàásù ni títí di ìgbà tí àlejò á fi túká. Nítorí náà, mo gbẹ́ yìnyín lẹ́yìnkùlé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná, mo sin ọ̀rá méjèèjì síbẹ̀, mo sì fi bàtà tẹ̀ ẹ́. Mo ní bó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, màá hú u.

Ní aago mẹ́fà, wọ́n dé. Àǹtí Séverine mú àkàrà òyìnbó wá. Firmin mú wáìnì wá, ó sì mú ìbẹ̀rù Bàbá dání bó ṣe máa ń ṣe. Bàbá Aurèle wọ súwẹ́tà tí Ìyá Léontine hun fún un. Ìbọ̀sẹ̀ àwa márààrún ò jọra, iná ń jó, gíláàsì fèrèsé ti ṣú fún ooru.

Mo gbé ìkòkò kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀kì. Gbogbo wa ń wo Bàbá.

Bàbá ri búrẹ́dì, ó yí i, ó gbé e sẹ́nu. Ó pa ojú dé. Nígbà tó là á, omijé ti kún ojú rẹ̀.

"Léontine," ó ní. "Léontine gan-an nìyí."

Àǹtí Séverine bú sẹ́kún. Gaspard gbá mi mọ́ra. Bàbá wá kọjú sí Firmin, ó na fọ́ọ̀kì sí i lójú. "Ṣé o rí i? Ṣé o gbọ́ bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lọ́fun? Èyí là ń pè ní wàràkàṣì! Ahọ́n tìrẹ ṣì ń rá kòrò. Kọ́ ẹ̀kọ́!"

"Mò ń kọ́ ọ, Bàbá," Firmin wí, ó ń mi orí bí ọmọ iléèwé.

Ó yẹ kí ojú tì mí. Ẹ dárí jì mí, inú mi dùn ni! Orí mi wú. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń rò ó. Mo ní ọwọ́ èèyàn gbọ́dọ̀ fúyẹ́. Mo ní wàràkàṣì máa ń mọ̀ bí ẹni tó ń sè é bá ń bínú. Níbo ni mo ti rí gbogbo ìyẹn? Mi ò mọ̀, ẹnu mi ló ń lọ.

Ẹ mọ òfin fọ́ndù: ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ bá já sínú ìkòkò á jìyà. Nílé tiwa, abọ́ ló máa ń fọ̀. Ṣùgbọ́n Àǹtí Séverine ti mu ife wáìnì méjì. Ó lu tábìlì.

"Abọ́ kẹ̀? Ìyà àwọn ọ̀lẹ nìyẹn! Lónìí, ẹni tí búrẹ́dì rẹ̀ bá já, kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, kó sáré yí ilé po nínú yìnyín!"

"Lẹ́sẹ̀ lásán?" Gaspard béèrè.

"Ṣé bàtà ni wọ́n fi ń jìyà?"

Gbogbo wọn hó yèè. "Ẹ̀yin èèyàn, òtútù pọ̀ o! Ẹ jẹ́ ká fọ abọ́. Abọ́ pọ̀ gan-an!"

"Ẹ wo ìyàwó wa bó ṣe ń kẹ́ wa," Firmin wí. Bó ti ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni búrẹ́dì tirẹ̀ já.

Firmin bọ́ síta. À ń gbọ́ igbe rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ kan ilé dé èkejì: "Jésù! Màríà! Jósẹ́fù!" Mo lẹ̀ mọ́ fèrèsé ilé ìdáná. Ó ré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná bí ẹni tí oyin ń lé, yìnyín ń fọ́n ká lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó wọlé, ojú rẹ̀ pọ́n bíi tòmátì, kò sì rí nǹkan kan. Mo mu wáìnì mi tán lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìṣẹ́jú márùn-ún kò pé, ti Gaspard já. Òun náà sáré yí ilé po, ó ń fò bí ewúrẹ́. Ìgbà tó wọlé, ó ń fi aṣọ nu ẹsẹ̀, ó ní, "Ìyàwó mi, nǹkan kan ń dán níbi igi ìdáná yẹn o."

"Yìnyín ni. Ṣé yìnyín kì í dán ni?"

"Ó ń dán bíi fàdákà."

"Gaspard, jókòó jẹun!"

Mo wo ìta. Lóòótọ́, àwọn ọkùnrin méjì wọ̀nyí ti fẹsẹ̀ hú ohun tí mo sin. Etí ọ̀rá kan ti yọ síta, iná fèrèsé sì ń tàn sí i lára. Ẹni tó bá tún sáré kọjá níbẹ̀ á rí i ni. Àyàfi tó bá jẹ́ èmi.

Mo wá lo ọgbọ́n. Mo fi búrẹ́dì kọ́ fọ́ọ̀kì díẹ̀ báyìí, mo rì í, mo sì gbọn ọwọ́. "Yéè! Tèmi náà ti lọ!" Kí wọ́n tó rẹ́rìn-ín tán, mo ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ kan.

"Ẹ wá wo ẹni tí ìyà ń yá lára!" Àǹtí Séverine wí. "Ṣé ijó lo fẹ́ lọ jó ni?"

Ṣùgbọ́n Bàbá Aurèle gbé ọwọ́ sókè.

"Jókòó, ọmọ mi. Ẹni tó se èyí fún mi kò ní fẹsẹ̀ lásán tẹ yìnyín níṣojú mi. Nínú ẹbí wa, àgbà lè gba ìyà jẹ fún ìyàwó ilé. Bàbá mi ṣe é fún Léontine."

"Bàbá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀! Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin ni yín!"

"Ìdí nìyẹn tí ẹsẹ̀ mi fi mọ yìnyín ju tìrẹ lọ." Ó ti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ méjèèjì.

Mo bẹ̀ ẹ́. Bí mo ṣe ń bẹ̀ ẹ́ tó ni ọ̀rọ̀ náà ń wọ̀ ọ́ lára tó. Ó fọwọ́ kàn mí lórí, ó ní, "Ọmọ dáadáa," ó sì jáde. Àwọn yòókù ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń kọrin fún un. Ó dá mi lójú pé bí ilẹ̀ bá lanu lásìkò yẹn, màá wọ ọ́ pẹ̀lú ayọ̀.

A retí. A ò gbọ́ igbe kankan.

"Bàbá ti pẹ́ o," Firmin wí.

Mo já aṣọ ìnura gbà, mo he sálúbàtà, mo gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn jáde.

Ó dúró lábẹ́ iná fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ìdáná. Ọ̀rá kan wà ní ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀, èkejì wà ní òsì. Ọwọ́ pálábá mi ti ségi.

"Ludivine."

"Bàbá."

"Mi ò mú awò ojú mi dání. Kà á fún mi."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹsẹ̀ yín..."

"Mo ní kó o kà á."

Mo gbà á, mo kọjú rẹ̀ sí iná fèrèsé. "Fọ́ndù. Ó ti ṣetán. Gbé e kaná fún ìṣẹ́jú mẹ́fà, kó o máa rò ó."

"Ìṣẹ́jú mẹ́fà," ó wí lẹ́yìn mi. "Níbo ni wọ́n ti ṣe é?"

Mo yí ọ̀rá náà sẹ́yìn. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí ìwé rẹ̀ ti pa rẹ́. "Lápá Zurich, Bàbá."

"Zurich!" Ó fọwọ́ mú orí. "Mo sunkún nítorí nǹkan tí wọ́n rò pọ̀ ní Zurich, ní ìlú ńlá tí kò sí màlúù!"

Mo kúnlẹ̀ sínú yìnyín, mo ń wọ sálúbàtà fún un, mo ń bẹ̀bẹ̀. Ó jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ tán.

"Ṣé Léontine ò sọ àpòpọ̀ rẹ̀ fún ọ ni?"

Mo lè pa irọ́ mìíràn níbẹ̀. Mo lè ní Ìyá ò sọ ọ́ tán, mo lè ní àìsàn ló mú un gbàgbé. Ó ti dé ẹnu mi.

"Wọ́n sọ ọ́, Bàbá. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀. Èmi ni mi ò gbọ́. Fóònù ni mò ń wò."

Nínú ilé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Bàbá sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọjọ́ yẹn ni ó dìde dúró nídìí iná kẹ́yìn. Mo ní kó jókòó. Ó ní rárá, òun ní nǹkan tí òun fẹ́ kọ́ ìyàwó òun."

Ẹ̀yin òǹkàwé, wọn ò tíì nà mí rí láyé mi tó bẹ́ẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé.

Bàbá fọn imú rẹ̀. Ó wo ọ̀rá, ó wo fèrèsé. "Mo sì ní kí Firmin kọ́ ẹ̀kọ́," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá."

"Mo ní ahọ́n rẹ̀ ń rá kòrò."

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ọdún mọ́kànlélógójì nídìí iṣẹ́ yìí! Bí ọmọkùnrin yẹn bá gbọ́, á máa fi mí kọrin títí wọ́n á fi sin mí."

Mi ò mọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Láàárín ẹkún, ẹ̀rín jáde nímú mi.

"Má rẹ́rìn-ín. Inú ń bí mi."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Inú ń bí mi gan-an ni." Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ti ń mì. Àwa méjèèjì dúró nínú òtútù, a fọwọ́ bo ẹnu, à ń rẹ́rìn-ín tí omi ń já bọ́ lójú wa. Ó ki ọ̀rá méjèèjì bọ abẹ́ súwẹ́tà rẹ̀, ó ní, "O ò sọ nǹkan kan, èmi náà ò sọ nǹkan kan." A wọlé.

Ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n Firmin ti dìde dúró pẹ̀lú ife lọ́wọ́, ó ń retí wa.

"Bàbá, nígbà tí ẹ wà níta, èmi àti Àǹtí Séverine sọ̀rọ̀. Bí ìyàwó bá lè fún mi ní àpòpọ̀ yìí, mo fẹ́ máa ṣe é ní ilé wàràkàṣì wa. Màá kọ orúkọ Ìyá Léontine sí i lára. Títí láé."

"Ẹ wo bí inú Màmá ṣe máa dùn tó!" Àǹtí Séverine wí, ó ti mú bíírò jáde. "Ó yá, Ludivine. Kà á fún wa. Mò ń kọ."

Bàbá wò mí. Ojú rẹ̀ ń sọ pé kí n dákẹ́, ojú kan náà sì ń sọ pé kí n má jẹ́ kó ṣẹlẹ̀. Orúkọ ìyá yẹn lára nǹkan Zurich! Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa ń bá a. Tèmi ò tiẹ̀ tó ọdún mẹ́ta.

"Kò sí àpòpọ̀ kankan," mo ní. "Ṣọ́ọ̀bù ni mo ti rà á. Inú ọ̀rá."

Bíírò dúró sójú kan. Gaspard la ẹnu, kò pa á dé.

"Ìyá kọ́ mi, mi ò fọkàn sí i. Mo purọ́ fún gbogbo yín níbi ìsìnkú, mo sì ń pa á lọ láti ìgbà yẹn." Mo kọjú sí Firmin. "Bàbá nìkan ló mọ̀. Ṣé ẹ rò pé ẹni tó ṣe wàràkàṣì fún ọdún mọ́kànlélógójì lè ṣì í mọ̀? Láti ẹnu àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀. Wọn ò fẹ́ kí ojú tì mí ni. Kí wọ́n lè bá mi kó ọ̀rá tí mo sin sínú yìnyín pa mọ́ ni wọ́n ṣe jáde."

Irọ́ ìkẹyìn tí mo pa nínú ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn, mi ò sì tíì kábàámọ̀ rẹ̀.

Gbogbo ojú yí sí Bàbá. Ó ki ọwọ́ bọ súwẹ́tà, ó kó ọ̀rá méjèèjì jáde, ó gbé wọn ka tábìlì.

"Ṣùgbọ́n Bàbá," Firmin wí, "ẹ sunkún!"

"Ṣé nǹkan tí mo jẹ yẹn ò tó ẹkún ni?"

"Ẹ sì ní kí n kọ́ ẹ̀kọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Kó o kọ́ bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí ọmọ ẹni." Ojú rẹ̀ le koko. Firmin jókòó.

Àǹtí Séverine he ọ̀rá kan. Mo ń retí ìgbájú. "O sin ọ̀rá sínú yìnyín?" ó pariwo. "Ọ̀rá! Nígbà tí ìlú pèsè àpò ìdọ̀tí! O ò tiẹ̀ fọ̀ ọ́!"

"Ẹ má bínú, Àǹtí."

"Ọdún méjì, Ludivine." Ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ọdún méjì ni mo ti ń sọ fún ara mi pé nǹkan kan kù lára Màmá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú, kò sì gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tó yá, ó nu ojú, ó ní, "O máa fọ abọ́ òní. O máa fọ ti ilé mi pẹ̀lú títí di Ọjọ́ Àjíǹde." Gaspard ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó lè dá a dúró, títí kan Firmin tó ń fi ìbọ̀sẹ̀ nu ojú.

Ìkòkò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ. Nísàlẹ̀ rẹ̀, èèpá wàràkàṣì ti lẹ̀ mọ́lẹ̀, ó pọ́n, ó ń ta sánsán. Ibẹ̀ ló dùn jù nínú fọ́ndù. Nínú ẹbí ọkọ mi, ìyá ilé nìkan ló máa ń jẹ ẹ́, láti ìgbà tí Ìyá Léontine sì ti lọ, kò tíì sẹ́ni tó jẹ ẹ́ nílé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Bàbá Aurèle mú ọ̀bẹ. Ó ha á kúrò díẹ̀díẹ̀ kó má bàa fọ́, ó fi gbogbo rẹ̀ sínú àwo mi.

"Bàbá, kò tọ́ sí mi."

"Mo mọ̀. Jẹ ẹ́. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, màá wá, o ò sì ní mú fóònù wọ ilé ìdáná."

Ó wá lóòótọ́, pẹ̀lú wàràkàṣì mẹ́ta tí ó fi aṣọ wé. Ìyá Léontine ò sọ àpòpọ̀ náà fún òun alára rí, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn òkè, ó mọ àwọn màlúù, ó sì rò pé bí a bá ń wá a, a máa rí i. Láti ìgbà náà, gbogbo Mọ́ńdè là ń wá a. Èmi ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé: irú èyí, iye oṣù tó lò, bó ṣe dì, bó ṣe kọ̀. Ìwé kan ti kún.

Òun ló ní kí n kọ ìtàn yìí ránṣẹ́ sí yín, ó ní Firmin kì í ka ìwé ìròyìn obìnrin. Ẹ̀yin tí àgbà ṣì ń kọ́ ní nǹkan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé fóònù yín jìnnà. Ajá yẹn ò ju ajá lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, fọ́ndù tiwa tún pín sí méjì. Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀, ó sì ń fà bí okùn. Bàbá ri búrẹ́dì sínú rẹ̀, ó pa ojú dé, ó jẹ ẹ́ fún ìgbà pípẹ́.

"Ó ń súnmọ́ ọn," ó wí.

Àwa méjèèjì mọ̀ pé irọ́ ni. Mo tún bu díẹ̀ sí i fún un.